Afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ń ṣòfò ni Àlàájì ń gbọ́: ìdáhùn fún ẹni tí ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pariwo

Ìbéèrè tó wọlé láti Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní ìbọn ìléwọ́ kan tó ń lo afẹ́fẹ́, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4.5, pọ́ǹpù ọwọ́ ni mo fi ń rọ afẹ́fẹ́ sí i títí dé 200 bar (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó). Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń fi í ta àmì nírọ̀lẹ́, eré ìdárayá mi nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń ró gbàù. Àlàájì tó wà lẹ́yìn ògiri ti fẹjọ́ mi sun alága àwọn onílé. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tún ń tán kíákíá, apá mi ò sì gba pọ́ǹpù mọ́. Wẹ́dà kan ní òun lè jó páìpù mọ́ ẹnu rẹ̀ tí kò fi ní dún mọ́, pé òun á tún máa bá mi fi gáàsì inú sílíńdà òun kún un. Báwo ni mo ṣe lè mú kó rọlẹ̀, kó má sì máa jẹ afẹ́fẹ́ ní ìjẹkújẹ? Tó bá wá rọlẹ̀ tán, ṣé ó ṣì lè pa òkété tó ń hú ẹ̀gẹ́ mi?"

Tíṣà, ẹ kú ilé o. Kí n tó fọwọ́ kan ìbọn yín rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé wẹ́dà yẹn jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, tirẹ̀ ló lè pa èèyàn.

Gáàsì tó wà nínú sílíńdà tí wẹ́dà fi ń gé irin, ọ́síjìn ni. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú, bí ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ọ́síjìn tí kò lábùlà, tí wọ́n wá fi agbára ńlá kì mọ́ ibi tóóró, bó bá pàdé epo díẹ̀, gíríìsì díẹ̀, àní rọ́bà síìlì lásán, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, ó lè gbaná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Inú ìbọn yín sì rèé, gíríìsì àti rọ́bà ló wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yín ni ohun tó bá bẹ́ máa wà, ojú yín ò sì ní jìnnà sí i. Afẹ́fẹ́ lásán tó gbẹ, tó mọ́, ni ìbọn yìí ń jẹ. Bí wẹ́dà bá ní òun ti ṣe é rí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ti páìpù ńkọ́? Iná wẹ́dà máa ń ká ọ̀pá ìbọn kò, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Bí páìpù náà bá wá wọ́ bíńtín, ọta á máa ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń jáde, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń gbà lọ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́, onígùn-ún àti ìléwọ́, mọ́ ìbọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Inú mi dùn pé tiyín wà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni, wọ́n á dì í sáàárín aṣọ láti òkè òkun bí ẹni gbé bàtà wálé. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ẹ gbé síwájú ọlọ́pàá ni ìwé yẹn wà fún. Èyí tí wọ́n jó páìpù mọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa dà bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń fi sí ẹnu ìbọn kó má baà dún.

A ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ kọ ìwé yín bíi pé ìṣòro méjì lẹ ní, ariwo lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tán lọ́tọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fi òógùn yín pọ́ǹpù, tí kò wá ríṣẹ́ ṣe lára ọta, òun gan-an ni Àlàájì ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ bá dí ibi tó ń gbà ṣòfò, ẹ ti pa ẹ̀ka tó pọ̀ jù nínú ariwo náà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fa tírígà, hámà kékeré kan tí sípíríǹgì ń tì lẹ́yìn á fò síwájú, á gbá ìdí fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nínú sílíńdà ìbọn. Fáàfù á ṣí fìrí, afẹ́fẹ́ á já gba ihò kékeré kan bọ́ sẹ́yìn ọta, á sì tì í gba inú ọ̀pá jáde. Agbára afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà, pẹ̀lú sípíríǹgì kékeré ti fáàfù fúnra rẹ̀, ló ń tì í padà pa. Ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ kò gùn. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ọta ò lò ju nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì kan lọ nínú rẹ̀. Àkókò tí afẹ́fẹ́ ní láti fi ṣiṣẹ́ kò jù báyẹn lọ. Bí sípíríǹgì hámà bá wá le jù, fáàfù á ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ọta ti lọ, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ pọn omi nídìí bọ́hóò, tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti kún, tí kò pa ẹ̀rọ, tó ń wo ibòmíràn. Èyí tó ń dà nù yẹn á tú jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú gbogbo agbára tó ṣì ní lára. Gbàù nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ló sábà máa ń jẹ́ kí sípíríǹgì yẹn le, torí eré ọta ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí láti fi tajà. Ẹni tó ń ta àmì kò nílò rẹ̀. Ìdíje ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ ti mítà 10, tó wọ Òlíḿpíìkì ní 1988, ọta tó ń lọ ní nǹkan bíi mítà 150 ní sẹ́kọ́ńdì kan ni wọ́n ń fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ojú àárín àmì tí wọ́n ń lé kò fẹ̀ ju mílímítà 11.5 lọ. Ní Jámánì, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára ọta rẹ̀ kò kọjá jọ́ọ̀lù 7.5, àgbàlagbà lè rà á láìgba ìwé àṣẹ (tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ má gbé òfin wọn wá sí Ìgbógbó). Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń gbádùn ara wọn pẹ̀lú ìbọn tí kò le.

Ohun tí ẹ máa wá ni ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, chronograph ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìbọn, òmíràn wà tí wọ́n ń gbé ka àpótí ìjókòó tí ọta á gba òkè rẹ̀ kọjá. Ẹ rà á tàbí ẹ yá a. Ẹni tí kò bá ní in, etí ló máa fi tún ìbọn ṣe, etí sì ń puró púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìbọn tó bá ṣeé tún ṣe láti ìta, ẹ máa rí ihò kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí álẹ́nkíì ń wọ̀, sikúrúù tó ń fún sípíríǹgì hámà tàbí tó ń dẹ̀ ẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí tiyín ò bá ní in, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìbọn afẹ́fẹ́ dunjú wá sípíríǹgì tó rọ̀ jù ú lọ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé èyí tó wà níbẹ̀, torí sípíríǹgì tí wọ́n bá ti gé ò ṣeé dá padà. Ìgbà tí wọ́n bá sì máa tú ìbọn náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tán pátápátá, kí géèjì wà lórí òdo. Taya mọ́tò tó ń bẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sábà ju bar méjì àti ààbọ̀ lọ. Tiyín, 200 ni.

Ẹ fi ìbọn sórí ìrọ̀rí lórí tábìlì, ẹ kọjú rẹ̀ sí àpótí àmì. Ká ní ọta yín wúwo gíráàmù 0.52, ká ní géèjì wà lórí 150 bar. Ẹ ta márùn-ún, ẹ kọ eré wọn sílẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Ẹ tú sikúrúù ní ààbọ̀ yíyí, ẹ rọ afẹ́fẹ́ padà sí 150, ẹ tún ta márùn-ún. Ẹ má fo ti afẹ́fẹ́ tí mo ní kí ẹ rọ padà yẹn o, torí bí géèjì bá ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń tú sikúrúù, ẹ ò ní mọ èyí tó fa ohun tí ẹ ń rí. Bí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ á jọ báyìí: mítà 165 ní sẹ́kọ́ńdì kan, 165, 164, 162, 158, 149, 136.

Ẹ fi ojú tíṣà wo òǹkà yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ ń tú sípíríǹgì, eré ọta ò kúrò lójú kan. Fáàfù ti ń yára pa, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ti ń dín kù, ọta ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ìyẹn fi hàn pé gbogbo afẹ́fẹ́ tó dín kù yẹn, òfò ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé 162, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára. Láti 158 sí 149, ó ti ń já wálẹ̀. Ibi tí ẹ máa dúró sí ni etí ibi tó ti fẹ́ máa já yẹn, ìyẹn 158, tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú 100 dín sí èyí tó pọ̀ jù. Agbára ọta yín á kúrò ní nǹkan bíi jọ́ọ̀lù 7.1, á bọ́ sí 6.5. Àmì tó wà ní mítà 10 ò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n Àlàájì á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ka iye ọta tí ẹ ń ta kí géèjì tó sọ̀kalẹ̀ láti 170 sí 120, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìbọn mìíràn á ní òǹkà tirẹ̀ o; ibi tó ti ń tẹ̀ wálẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹ má wá 158.

Ẹ má tú u jù, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kó dákẹ́ sí i. Bí ẹ bá tú u kọjá ibẹ̀, eré ọta kan á máa yàtọ̀ sí ti èkejì, wọ́n á máa bọ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀ lára àmì bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Èyí tó burú jù ni kí ọta há sínú ọ̀pá. Bí ẹ bá fa tírígà tí ẹ ò rí ihò tuntun lára páálí, ẹ má ta òmíràn tẹ̀ lé e láéláé. Ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá tín-ín-rín tí kò ní ha inú ìbọn tì í jáde.

Èrè kan tún wà nínú rẹ̀ fún apá yín. Hámà tó rọ̀ kì í lè ṣí fáàfù dáadáa bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń tì í pa. Nínú ìbọn tí kò ní régúlétọ̀ (ohun tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù sí iye kan kó tó dé fáàfù), bí ẹ bá ti tú sípíríǹgì tán tí ẹ sì tún rọ ọ́ dé 200, ọta àkọ́kọ́ á rọra lọ, àwọn tó tẹ̀ lé e á máa yára sí i bí géèjì ṣe ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dé ibì kan tí wọ́n ti ń lọ dọ́gba, kí wọ́n tó wá máa rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ta á títí, ẹ máa kọ eré ọta àti géèjì sílẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé láti 170 dé 110 ni wọ́n dọ́gba, 170 ni ìkún yín láti òní lọ. Láàárín 170 sí 200 yẹn sì ni pọ́ǹpù ọwọ́ ti ń fi èèyàn ṣe ẹlẹ́yà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn ti ń ro èèyàn. Ẹ ti bọ́ nínú rẹ̀.

Bí tiyín bá ní régúlétọ̀, ẹ máa rí i pé eré ọta ò yí padà títí géèjì fi sọ̀kalẹ̀ dé iye tí wọ́n dá régúlétọ̀ sí, kó tó wá máa rọlẹ̀. Sípíríǹgì hámà nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má ṣí régúlétọ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ò ṣeé fò ní Ìkòròdú. Ọ̀sà ò jìnnà sí yín, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rin. Afẹ́fẹ́ tó bá ní ọ̀rinrin nínú, bí ẹ bá fún un pọ̀, omi á kán jáde lára rẹ̀. Bí ẹ ò bá jẹ́ kó dà jáde, inú sílíńdà ìbọn ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà níbi tí ojú ò tó. Ẹ máa rọra pọ́ǹpù, ẹ sinmi bó bá ti ń gbóná, torí pọ́ǹpù tó gbóná ń ba síìlì ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ tú sikúrúù ìdasílẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ máa rí bó ṣe ń tu omi jáde bí ẹni ń sín. Àwọn àpò pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń wà nínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ "má jẹ ẹ́" sí lára, ohun tó ń fa ọ̀rinrin ló wà nínú wọn; àwọn pọ́ǹpù kan ní ibi tí wọ́n ń rọ irú rẹ̀ sí ní ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó bá sì di ìgbà ọyẹ́, ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gbẹ jù. Ẹnìkan á ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ fọgannáísà. Kọ̀mpẹ́sọ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi bar mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Kò lè ṣí ibi tí ìbọn yín ń gbà gba afẹ́fẹ́ pàápàá.

Lára rọ́bà síìlì, gíríìsì sílíkónì nìkan, ìwọ̀nba tó máa dán lára rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òróró, àdí, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ilẹ̀kùn tó ń han, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọdọ̀ dé ibi tí afẹ́fẹ́ alágbára wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìbọn pamọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù nínú rẹ̀ kí síìlì lè jókòó dáadáa, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí tí ọmọ kankan ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní ti ọta, ẹ ra oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kó pọ̀ nínú wọn, torí ó ń lu ihò róbótó sára páálí, ẹ ò ní máa jiyàn pẹ̀lú ara yín. Èyí tó wúwo díẹ̀ ń pẹ́ nínú ọ̀pá ju èyí tó fúyẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ á rí àyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn o. Ẹ rántí ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní 2010, nígbà tí ọmọdé tó lé ní 400 kú níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà láàárín ilé. Ti yín ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú obì, ẹ má fi ọta há ẹnu, ẹ má sì jẹ́ kó dà sílẹ̀ níbi tí adìẹ ti ń ṣa nǹkan jẹ tàbí ibi tí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí etí tó ń puró. Nígbà tí ìbọn bá rọlẹ̀ tán, ẹ máa gbọ́ ohùn irin kan, kíín, tí ẹ ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Hámà ni, tó ń gbá fáàfù. Ọwọ́ yín wà lára rẹ̀, ojú yín wà nítòsí rẹ̀, egungun yín ló ń gbé e wá sétí yín. Àlàájì ò gbọ́ ọ. Mo ti rí àwọn tó lo oṣù lórí kíín yẹn, tí wọ́n ń fi rọ́bà há ibi tí kò yẹ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí aládùúgbò ń gbọ́ wà ní òpin kejì: ibi tí ọta ń balẹ̀ sí.

Ẹ ò sọ ohun tí ẹ fi ń gba ọta. Èmi á sì fi owó tẹ́tẹ́ lé e pé ó kéré tán, ìdajì ẹjọ́ tí Àlàájì rò, ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn kan ń so páálí mọ́ pánù, àwọn kan ń gbé e ti ìdí ìkòkò irin, àwọn kan ń ta á lu ògiri búlọ́ọ̀kù tààrà. Ọta á balẹ̀ gbàgà, á tún fọ́n padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà kan àpótí pátákó kan fún yín, tó fẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó jìn tó 30. Ẹ tẹ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn mílímítà mẹ́ta sí ẹ̀yìn inú rẹ̀. Àkísà ni kí ẹ kì kún iwájú irin yẹn: ṣòkòtò jíínsì tó ti gbó, tówẹ́ẹ̀lì, rọ́ọ̀gì àtijọ́, túùbù inú taya tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ẹ kì í kó le, kí ọwọ́ yín má lè wọ inú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Páálí lẹ máa fi bo ojú rẹ̀, orí páálí yẹn ni ẹ ó lẹ àmì mọ́. Ọta tí agbára rẹ̀ jẹ́ jọ́ọ̀lù mẹ́fà ààbọ̀ á wọ àkísà yẹn, á kú síbẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ò ju "pọ̀" lọ, bí ìgbà tí ìrọ̀rí bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àárín á máa jẹ ihò, torí ibì kan náà lẹ ń ta sí (ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀). Ẹ kó àkísà jáde, ẹ gbọn òjé rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ tún un kì.

Ẹ gbé àpótí yìí ti ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí géètì tàbí okùn aṣọ wà. Ẹ lo gíláàsì ojú tó nípọn, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí ọmọ-ọmọ má baà sáré gba iwájú kọjá. Púlọ́ọ̀tì kan ní agbègbè wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, mítà 10 yín á wọ inú rẹ̀ láìfún ara yín. Ibi tí ẹ bá dúró sí náà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ abẹ́ páànù òrùlé láàárín ògiri méjì tí wọ́n rẹ́ dán ni ẹ ti ń ta á, àwọn ògiri yẹn á máa ju ohùn síra wọn. Ẹ wọ inú yàrá ìkẹ́rùsí tàbí kíṣíìnì lọ, mítà kan sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, kí ẹ máa ta á gba ẹnu ọ̀nà jáde sí àpótí. Bí mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ bá wà tí ẹ lè gbé ti ògiri yàrá yẹn, yóò gbé ohùn púpọ̀ mì. Ẹ wá bẹ Àlàájì kó jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé yín jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ta á. Etí ẹni yẹn ni kí ẹ gbàgbọ́, ẹ má gba tiyín gbọ́.

Ẹ má sì rò pé Àlàájì kàn ń wá ìjà. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú ní 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Bádòó ń wọlé onílé lóru, kì í gbọ́ ohun tó dún bí ìbọn kó máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ẹ mú ìwé àṣẹ yín lọ bá òun àti alága, kí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò náà gbọ́ sí i, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa ń ta á, ẹ pè wọ́n wá wo àpótí yẹn. Àwọn kan máa ń dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bá tàn kí wọ́n tó ta ìbọn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tí NEPA bá ṣèèṣì mú iná wá láàárín kan, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin nìkan ló kù tó ń dún.

Ẹ̀yin tí ìbọn yín ń lo àgólò gáàsì kékeré gíráàmù 12, kábọ́ńdáyọ́ksáìdì, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú tó ni gáàsì yẹn ń le tó: ní dígírì 20, nǹkan bíi bar 57 ni, ní dígírì 30 tó jẹ́ ọ̀sán lásán nílẹ̀ wa, ó ti di 72. Ìbọn tí ìbátan yín ń ta lálẹ́ ní ìlú òtútù tó sì rọra ń dún, kò lè dún bákan náà níbí lọ́sàn-án. Ẹ máa ta tiyín ní àárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, ẹ má sì fi àgólò sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Ó ku òkété, Tíṣà. Rárá o. Ìbọn yìí ò pa òkété kí ẹ tó tún un ṣe, kò ní pa á lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbẹ́ ló máa dá sí i lára, á gbé e wọ ihò lọ jẹ̀rà sí abẹ́ ẹ̀gẹ́ tí ẹ máa jẹ. Alẹ́ ló sì ń jáde, nígbà tí ẹ ò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọta tó bá kan òkúta nílẹ̀ á sì fò lọ síbi tí ẹ ò mọ̀. Ẹ wá ẹnu ihò rẹ̀ tó tutù, èyí tí yẹ̀pẹ̀ tuntun wà níbẹ̀, kí ẹ dẹ pàkúté síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́.